Ìwé tí mo rà láti fi kọ́ ìbejì mi nílé, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Nígbà tí ọmọkùnrin tó bá mi gbé àpótí náà láti gáréèjì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ kó sínú ẹ̀ ni?" Ìwé ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston ló bá mi rà á, tó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù mẹ́ta ló lò lọ́nà. Kó tó dé, mo ti ra tábìlì kékeré, mo ti lẹ ábídí mọ́ ògiri pálọ̀, mo sì ti sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, iléèwé ni ilé mi, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Télọ̀ ni mí, ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Iwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ. Ẹ ó rántí ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà tí à ń rà ní owó tí kò tó 200 náírà fò sókè sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé Táyé àti Kẹ́hìndé lọ sí iléèwé sọ owó tirẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Èmi àti bàbá wọn jókòó ṣírò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a rí i pé owó ọkọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún méjì ti fẹ́ ju owó iléèwé gan-an lọ. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn la bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ọdún méjì báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tó wù mí kí ẹnìkan ti sọ fún mi kí n tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àpótí náà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gbówó jù. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Owó rẹ̀ pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà nígbà náà, lé ní 300,000. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ló wà nínú rẹ̀: ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìwé olùkọ́ tó nípọn bíi Bíbélì, àti káàdì oríṣiríṣi. Ó dùn ún wò. Bébà rẹ̀ nípọn, àwòrán rẹ̀ ń dán, títí di òní ìdè rẹ̀ kò tú. Àmọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, kò sì sí ojú ewé tí èèyàn ṣí tí kò ní rí i bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìṣirò kan owó. Ẹyọ owó tiwọn ni wọ́n yà síbẹ̀: pẹ́nì, níkẹ́ẹ̀lì, dáìmù, kọ́tà. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé dáìmù jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́wàá, níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni níkẹ́ẹ̀lì ló tóbi jù lójú. Kẹ́hìndé wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n fi ń rà?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọmọ tí mo ń fún ní 200 náírà kó lọ ra àkàrà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, tó ń ka ṣéńjì rẹ̀ pé kó tó kúrò níbẹ̀, òun ni ìwé yìí wá sọ di ẹni tí kò mọ owó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí ọmọ jáde lọ ṣa ewé tó ti pọ́n, torí àsìkò tí ewé ń rẹ̀ ti dé. A jáde. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, gbogbo ewé máńgòrò tutù yọ̀yọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ igi fúrúùtù tó wà nílé kejì, tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kó tó já.

Ìyẹn ṣì kéré. Ìwé olùkọ́ ló sú mi jù. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ìyá yóò sọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n tún kọ èsì tí ọmọ yóò fọ̀ síwájú rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, èsì tí àwọn ọmọ ń fún mi kì í bá ti ìwé mu mọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ kan ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, oníbàárà á sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de aṣọ òde. Èyí tó wá ká ìyá ìbejì lára ni pé ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ sí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọmọ méjì, ìwé kan. Wọ́n fà á títí ojú ewé kan fi ya sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì di èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú, wọ́n bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo dì í padà.

Ohun kejì tí mo rà ni Jolly Phonics, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kíkà. Èyí, mo lè dárúkọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ torí mo ṣì ń lò ó. Ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ọ̀pọ̀ iléèwé ní Nàìjíríà ló sì ń lò ó. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí A, B, C. Ìró ló fi ń kọ́ni, ìró 42, ìsọ̀rí méje, mẹ́fà mẹ́fà. Ìsọ̀rí kìíní ni s, a, t, i, p, n, torí pẹ̀lú mẹ́fà yìí nìkan, ọmọ ti lè ka sat, pin, tap. Ìró kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ọwọ́ tàbí ara ń ṣe sí i. Fún s, ọwọ́ á máa lọ́ bí ejò. Fún a, ìka á máa rìn lórí apá bí èèrà. Fún n, ẹ ó na apá méjèèjì bíi ti bàálù. Ti t nìkan ni kò yé wọn, níbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ máa yí orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wo tẹ́níìsì. Wọn ò rí tẹ́níìsì rí. Mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, Táyé ti ń ka ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta, ó ń ka á fún gbogbo ẹni tó bá wá wọn ara.

Ní Sátidé kan, ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Mo fẹ́ fi ọmọ hàn án. Mo kọ "epo" sórí bébà, mo ní kí Táyé kà á fún Màmá. Ó pe e bí wọ́n ṣe pè é nínú egg, ó pe p bí ẹni tó ń fẹ́ iná àbẹ́là pa, ó pe o bíi ti inú on. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe epo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan. Màmá gbé e sórí ẹsẹ̀, ó ní, "Kí lọmọ mi ń wí yìí?" Ọmọ náà tún un pè, ó tún pariwo sí i, bóyá Màmá kò gbọ́ ni. Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí ohun tí mo kọ́ ọ gan-an ló ń ṣe.

Ẹ̀bi Jolly Phonics kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Èmi ni mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. E tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀, ẹ tiwa ni. O tiwọn, ọ tiwa ni. P tiwọn, ètè nìkan ló ń pè é, tiwa ń ti ẹ̀yìn ẹnu àti ètè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gb kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ lọ́nà yẹn, nígbà tó bá dé orí Yorùbá, á máa rò pé èdè ìyá òun ló ń ṣe àṣìṣe.

Ni mo bá gbé Gẹ̀ẹ́sì tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo lọ ra Aláwìíyé Ìwé Kìíní ti J. F. Ọdúnjọ, ẹ̀dà méjì, kí ìjà má baà sí. Òun ni wọ́n fi kọ́ èmi náà ní ìwé kíkà. Owó méjèèjì kò tó ohun tí mo ń gbà lórí búbà kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo ní láti pe Màmá lórí fóònù kí n tó lè ṣàlàyé wọn, ìyẹn náà sì di ara ẹ̀kọ́, torí àwọn ọmọ máa ń jà sí ẹni tí yóò bi Màmá.

Ẹ wò ó bí Yorùbá ṣe rọrùn fún ọmọ láti kà. Lẹ́tà 25 ló wà nínú ábídí wa, kálukú ló sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi a wé ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó wà nínú cat, èyí tó wà nínú cake àti èyí tó wà nínú call, ìró mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́tà kan náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ti mọ b, tó mọ a, ti lè ka bàbá. N nìkan ló ń dààmú wọn díẹ̀, nígbà tó bá tẹ̀lé fáwẹ̀lì, bíi ti ẹran àti ìbọn, mo sì fi ìyẹn pa mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Àmì ohùn ńkọ́? Ibẹ̀ ni Jolly Phonics ti ràn mí lọ́wọ́ láìmọ̀. Mo ní bí ọwọ́ bá lè ṣe ejò, ọwọ́ lè ṣe ohùn. Dò, ọwọ́ á kan orúnkún. Rè, ọwọ́ á wà láyà. Mí, ọwọ́ á lọ sókè orí. Mo gé páálí mẹ́rin, mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sí wọn. Àwọn méjèèjì dúró láàárín pálọ̀, ọwọ́ láyà, ọwọ́ láyà, ọkọ. Ọwọ́ láyà, ọwọ́ sókè, ọkọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀kọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbá orúnkún lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì mọ́. A wọ Mícrà lọ sí Bódìjà, Kẹ́hìndé ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ iwájú wa, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò fi àmì sí i. Báwo ni ká ṣe pè é?" Awakọ̀ yíjú padà wò ó.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ìwé Yorùbá olówó pọ́ọ́kú pọ̀ lẹ́bàá títì, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní àmì, òmíràn kò tilẹ̀ ní ojúàmì lábẹ́ s àti o. Mo ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó ń gé igi, wọ́n kọ "Baba nse ise" sábẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé kà á gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ni bàbá yìí ń sè?" Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àárín ìwé, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ní ṣ àti ọ, ẹ wò ó bóyá ojúàmì wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà. Tí kò bá sí, ẹ dá a padà sórí àtẹ, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó.

Ẹnu yà mí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá rọrùn nígbà tí a padà síbẹ̀. Mo pín pátákó sí méjì, "tiwa" lápá ọ̀tún, "tòyìnbó" lápá òsì. P tiwa, p tòyìnbó. E tiwa, e tòyìnbó. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa bí lẹ́tà ṣe ń so pọ̀ kò nílò àtúnkọ́. Kì í ṣe èmi ni mo ṣàwárí èyí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ìyókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí. Àmọ́ nínú pálọ̀ tèmi, a ò fagi lé nǹkan kan.

Ó ku ìṣirò. Olùkọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù tó ń jẹ́ Georges Cuisenaire ló gbé àwọn igi kéékèèké kan jáde, oríṣi mẹ́wàá. Èyí tó kúrú jù gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, èyí tó gùn jù jẹ́ mẹ́wàá, gígùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Funfun ni ọ̀kan, pupa ni èjì, elésè àlùkò ni ẹ̀rin, ewé kíki ni ẹ̀fà, ọsàn ni ẹ̀wá. Àwọn tó ń kó o wọ̀lú ń tà á wọ́n. Mo mú ìwọ̀n rẹ̀ lọ bá káfíńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó wo bébà náà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, èyí tó tó eyín ọmọ yìí, ẹ fún mi lọ́jọ́ méjì." Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá kò ṣe é lò. Mo to funfun mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn kan, kò dọ́gba, funfun kúrú ní ìwọ̀n èékánná. Ó gbé e sójú, ó ní ohun tí ojú ayùn ń jẹ lọ lòun gbàgbé láti ṣírò. Ó gé òmíràn láìgba owó kún un, ó fi sáńdípépà bó o títí ó fi ń yọ̀. Èmi àti bàbá wọn la kùn ún. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ dán funfun mẹ́wàá wò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ káfíńtà. Bí ìyẹn kò bá dọ́gba, irọ́ ló máa fi kọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí a dé orí 16. Kẹ́hìndé ti mọ̀ ọ́n kọ, ó ti mọ̀ ọ́n pè, àmọ́ ó fi pẹ́ńsù gbá tábìlì, ó ní, "Mẹ́fà ni mo kọ síbí. Kí ló dé tí a ń pè é ní mẹ́rìn-ìn, mẹ́rìndínlógún?" Ọmọ yìí ti rí ohun tí èmi kò bi ẹnikẹ́ni rí. Mo gbé igi ọsàn méjì kalẹ̀, mo so wọ́n lẹ́nu pọ̀. Ogún nìyẹn. Mo ní kó mú elésè àlùkò, mẹ́rin, kó gbé e lé orí ìparí rẹ̀, kó bò ó. "Èyí tí kò bò yẹn, mélòó ni?" Ó to ọsàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá èyí tí yóò dí àlàfo tó kù. Ó dán búlúù wò, ó gùn jù. Ó dán yẹ́lò wò, kò tó. Ó mú ewé kíki, ó wọlé rẹ́gí. Ẹ̀wá àti ẹ̀fà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, lẹ́yìn náà ló wá pariwo: "Mẹ́rin dín ní ogún!" Ó sáré lọ kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pé kí Táyé jáde wá wò ó. Ọ̀sán yẹn, láìsí pé mo sọ nǹkan kan, wọ́n ṣe 17, 18 àti 19. Wọ́n wá gbìyànjú 14, wọ́n rí i pé òun kò tẹ̀lé ogún, ẹ̀wá ló rọ̀ mọ́, mẹ́rin lé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí nọ́ńbà ti yí padà. Ẹ̀ẹ́dógún ni. Kò sí ojú ewé kankan nínú àpótí 300,000 náírà yẹn tó ṣe irú èyí fún wa.

Àléébù rẹ̀ ni pé funfun kéré púpọ̀, abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi ni wọ́n sábà máa ń sá sí, ilé tó bá sì ní ọmọ tó ń rákò gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ gidi, torí ó wọ ẹnu. Ọpọ́n ayò bàbá wọn ló ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a dé orí ìsọdipúpọ̀: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48.

Lórí fóònù, áàpù ẹ̀kọ́ ọmọdé kan tó ń jẹ́ Khan Academy Kids la ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó ọjà, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ ni wọ́n ṣe é fún. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ti tó. Fún òṣùwọ̀n, kí n lè mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́ níléèwé, mo máa ń wo kòríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí iléèwé ń kọ́, lẹ́ẹ̀kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò padà sí kíláàsì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ bí àlejò.

Àpótí náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì inú rẹ̀ la yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà fi kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, bébà rẹ̀ ṣáà nípọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè láti Houston. Ọmọ rẹ̀ ti pé mẹ́rin, ó sì gbọ́ tí Táyé ń kàwé fún un lórí fídíò. Ó ní kí n bá òun ra Aláwìíyé Ìwé Kìíní, kí n sì ní kí káfíńtà gé igi aláwọ̀ mẹ́wàá fún òun náà. Mo ti ra ìwé. Lánàá, mo gba ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ wo igi, ó ti gé e tán, Kẹ́hìndé sì ti jókòó sórí ilẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú igi, ó ń to funfun mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn.